Ìkíni Tó Fẹ́ Lé Mi Kúrò Nínú Ìdíje Ìbọn

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, ṣílè kan là ń san fún ọta tí a ó yìn ní ọjọ́ Sátidé, a ó sì tún rí ṣéńjì ra ẹ̀pà. Lónìí, ní Woolwich ní London tí mo wà yìí, ọta kan ṣoṣo tó owó ife tíì! Àmọ́ ẹ fi ti owó sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tí mo pé àádọ́rin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́.

Daddy tó wa tákísí títí tó fi fẹ̀yìn tì ni wọ́n mọ̀ mí sí ní Thamesmead. Ta ló mọ̀ pé mo ń yìnbọn? Àwa márùn-ún la jọ wà nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn ní yunifásítì, a sì pinnu pé lọ́jọ́ kan, a ó yìnbọn níbi ìdíje tí àmì tí wọ́n ń yìnbọn sí ti jìnnà tó ẹgbẹ̀rún yáàdì. Iṣẹ́, ọmọ àti ìrìn àjò gbà wá lọ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é nínú wa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo wọ club kan nítòsí Shooters Hill. Ẹ má rò pé èèyàn kàn ń gbé ìbọn lọ síbi ìdíje o. Wọ́n kọ́kọ́ ń wo ìwà rẹ fún oṣù púpọ̀. Ọlọ́pàá ń wá sílé wá wo kọ́bọ́ọ̀dù irin tí o máa ti ìbọn mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́ dáadáa gbọ́dọ̀ dúró fún ọ. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ó wá ku káàdì tó ń fi hàn pé èèyàn mọ ìbọn lò láìséwu. Ẹni tí kò bá ní káàdì yẹn, wọn ò ní gba orúkọ rẹ̀ fún ìdíje náà, ìparí oṣù ni wọ́n sì máa ti ìforúkọsílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo dojú bolẹ̀ lórí pápá, ìbọn wà léjìká mi, gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ni bàbá tó jẹ́ alága club, tó dàgbà jù mí lọ dáadáa, bá dé ẹ̀yìn mi, wọ́n ní "Good morning."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí àgbà kí mi, kí n dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kí n kọ ẹ̀yìn sí wọn? Wọ́n kọ́ mi nílé o. Mo yí padà kí n dìde kí wọn, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu ìbọn kúrò níbi àmì, ó kọjú sí àwọn èèyàn tó jókòó.

Carol, obìnrin tó ń dán mi wò, ní kí n dúró bẹ́ẹ̀. Ó gba ìbọn náà jẹ́jẹ́. Mo ṣàlàyé pé kò sí ọta nínú rẹ̀, pé ọ̀wọ̀ ni mo fẹ́ bù fún àgbà.

Ó ní, "Sà, ọ̀wọ̀ tí a ń bù fún àgbà níbí ni pé a kì í na ìbọn sí wọn."

Ó ní òun ò lè fọwọ́ sí káàdì mi. Ìdánwò kan péré ló kù kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí.

Mo padà sílé pẹ̀lú ìtìjú, àmọ́ mi ò gbà. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi, Ẹ̀gbọ́n Lásísì, tó ń gbé ní Morris Walk, pé kí wọ́n máa wá bá mi. Èmi á dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú igi mọ́ọ̀pù, àwọn á dúró sẹ́yìn, wọ́n á máa pè mí. Lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó pe orúkọ mi tán, mo ti yí padà! Àádọ́rin ọdún ẹ̀kọ́ ilé, ṣé ojúmọ́ kan ló máa kúrò lára?

Lọ́jọ́ tí mo borí ara mi, Ẹ̀gbọ́n bínú lóòótọ́.

"Mùfú, èmi ni mò ń pè ọ́ o."

Mo tẹjú mọ́ ògiri.

"Bàbá wa ì bá ti fọ́ ọ létí."

Mo gbé mọ́ọ̀pù sílẹ̀, mo mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, mo dìde, lẹ́yìn náà ni mo wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ni ẹ̀rín bá gbé wọn. Wọ́n ní, "O ti dọ̀bálẹ̀ tán láti àárọ̀, ibi tí o kọjú sí ni kò dáa."

Wọ́n tẹ̀ lé mi lọ síbi ìdánwò kejì. Mo dojú bolẹ̀, mo ń mí díẹ̀díẹ̀. Àfi bí mo ṣe gbọ́ "Mùfú!" lẹ́yìn mi. A ò jọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ọrùn mi fẹ́ yí, mo kọ̀. Mo ṣí ìbọn kí gbogbo èèyàn lè rí i pé ó ṣófo, mo gbé e sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú síwájú. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń pè mí, sà?"

Ilé ìtọ̀ ni wọ́n ń wá. Carol rẹ́rìn-ín títí, ó sì fọwọ́ sí káàdì mi.

Mo yìnbọn níbi ìdíje náà. Mi ò gba ife ẹ̀yẹ, àmọ́ mo ba àmì.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ ju ẹ̀kọ́ ilé nù. Kó kàn mọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀ kó tó lò ó. Ẹ̀yin ńkọ́? Ìwà ilé wo ló ti kó yín sí wàhálà nílẹ̀ òkèèrè? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.

Nínú àwa márùn-ún, Délé ti lọ. Ràfíù ti lọ. Emmanuel náà lọ lẹ́yìn àìsàn tó pẹ́. Fọlọ́runṣọ́ wà ní Abẹ́òkúta, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́. Orí pápá náà ni mo ti pè é. Ó ní, "Ṣé ó bà á?" Mo ní ó bà á. Àwa méjì la kù.