Ọ̀já Òjó Tí Bàbá Àgbà Kò Jẹ́ Kí Omi Kàn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé àpótí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìyànà Ìyẹsí. Òjò ti jò sí i. Bí wọ́n ṣe ṣí i, òórùn aṣọ tó ti bu gba gbogbo yàrá, àwọn ọ̀dọ́ fọwọ́ dí imú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà mi ni mo rántí, tó jókòó lẹ́yìnkùlé wa ní Ilo-Awẹla, tó tẹ́ ọ̀já pupa kan sórí itan.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bí ibí ṣe rí nígbà náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ yunifásítì, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì ń kó àlejò wọ̀lú, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sì ti ń ra oko àwọn ará Igbesa. Bàbá àgbà ti jagun ní Bọ́mà rí. Ọ̀já náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti Òjó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọ Igbesa. Ọ̀já náà fẹ̀, irú èyí tí àwọn sójà ayé ọjọ́un máa ń dì mọ́ ìbàdí tí wọ́n bá fẹ́ yan níwájú ọ̀gá òyìnbó. Òjó kò bá wọn bọ̀. Nígbà tí Bàbá dé, ó gbé ọ̀já náà lọ sí Igbesa, wọ́n ní ìdílé Òjó ti kó lọ sí ìhà Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ibodè. Ó tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí páànù, ó sì ń bèèrè wọn lọ́wọ́ gbogbo ará Igbesa tó bá pàdé títí ó fi darúgbó.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, màmá mi mú ìròyìn bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mojí, tó ń dáná fún àwọn tó ń kọ́ yunifásítì, jẹ́rìí pé òun ti mú ìyá òun padà sí Igbesa láti Àjàṣẹ́, pé ẹ̀gbọ́n ìyá òun bógun Bọ́mà lọ. Bàbá dìde lórí àga, ó tún jókòó.

Nígbà tí a ṣí àpótí páànù náà, omi ti wọ inú rẹ̀, eku sì ti tọ̀ síbẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ọṣẹ fọ̀ ọ́,” ni màmá mi wí.

“Rárá o. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣí, òwú rẹ̀ tó ti gbó á já. Kí ni màá wá gbé fún àbúrò rẹ̀?”

Abẹ́ òjìji la tẹ́ ẹ sí, lórí aṣọ funfun, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí oòrùn kò ti lè pa àwọ̀ rẹ̀. Bàbá ní kí n fi aṣọ bo imú, a wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbọn èébu rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó gbé e sínú páálí pẹ̀lú abọ́ èédú gbígbẹ, láì jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn, a ó sì dé e kí èédú lè fa òórùn náà. Màmá mi gbé lọ́fíńdà wá, Bàbá yarí.

“Òórùn méjì nìyẹn á dà!”

Mo bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Òjó ní tí òun ò bá dé, kí n gbé e fún Àbẹ̀ní àbúrò òun.”

Iṣẹ́ náà kò tíì parí nígbà tí Mojí, tí màmá mi ti sọ̀rọ̀ ọ̀já náà fún, ránṣẹ́ pé ara ìyá òun ò yá. Bàbá gbóòórùn ọ̀já náà, ó mirí, ó sì fi aṣọ funfun wé e. Ọ̀kadà ló gbé wa dé Igbesa.

Orí ẹní ni ìyá náà wà. Bàbá, tó máa ń ṣòro fún láti tẹ orúnkún, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Àbẹ̀ní, Òjó ní kí n gbé èyí fún ọ. Má bínú, ó ṣì ń rùn díẹ̀. Mi ò fẹ́ kí omi kàn án.”

“Imú mi ti kú tipẹ́,” ni ìyá náà fèsì. Ó ń fi ìka tọ etí ọ̀já náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń wá ibi tó já. Kò rí ọ̀kan. “Ẹ ṣeun. Ẹ tọ́jú ẹ̀gbọ́n mi.”

Bàbá bú sẹ́kún. N kò rí i kó sunkún rí.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Ilé tí a wọ̀ lọ́jọ́ náà ti bọ́ sínú ọgbà ilé-iṣẹ́ kan, èmi pàápàá ò lè nawọ́ sí ibi tó wà mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá kú, Mojí dé, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ Bàbá, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ́.