Ara Tí Kò Gbàgbé Ẹ̀pà

Ilé oníkúlíkúlí ni wọ́n bí Àṣàkẹ́ sí ní Ọ̀yọ́, ẹ̀pà ló sì lé e jáde níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ètè rẹ̀ kọ́kọ́ wú, tí èémí há a lọ́fun. Ẹbí ní èèwọ̀ ìdílé ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kò sí èèwọ̀ kankan, pé àkẹ́bàjẹ́ ló ń dà á láàmú. Ó lọ ẹ̀pà sínú ẹ̀kọ mímu rẹ̀ láti fi dán an wò. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà kú. Kò sẹ́ni tó bá ọkùnrin náà wí.

Ìyá Àṣàkẹ́ kò lè fi kúlíkúlí dídín sílẹ̀. Òun ló ń bọ́ àwọn ọmọ yòókù. Nítorí náà, wọ́n mú Àṣàkẹ́ lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní 1988, ó ti di tíṣà níbẹ̀, kò sì sùn nílé ìyá rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mú un kúrò. Ó bi Dókítà Ọládipúpọ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀ bóyá oògùn wà fún ọ̀ràn ẹ̀pà náà.

"Èyí tó ń mú kí ara wálẹ̀ wà, Tíṣà. Èyí tó ń wò ó sàn kò sí. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín tó ń bá àrùn jà. Wọ́n ṣi ẹ̀pà mú bí ọ̀tá. Àwọn tó ń jà máa ń kú, ṣùgbọ́n àwọn kan ń rántí, àwọn ló ń pe ogun tuntun jáde. Bí a bá lè rí àwọn tó ń rántí yẹn mú..."

"Ẹ mú wọn, ẹ jọ̀ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín. "A ò tíì mọ ọ̀nà tí a ó gbà mú wọn. Bóyá àwọn ọmọ wa ló máa mọ̀ ọ́n."

"Ṣé màmá mi á ṣì wà nígbà náà?"

Dókítà fa fáìlì tó kàn sọ́dọ̀.

Ní Sátidé, ìyá Àṣàkẹ́ wá pàdé rẹ̀ ní gáréèjì ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́, ó ń dán gbinrin.

"Mo wẹ̀, mo tún wẹ̀. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ abẹ́ èékánná. Wọ́n ní ṣé mò ń lọ ilé ọkọ ni! Àṣàkẹ́ mi, dìde, wá."

Ó fà á mọ́ra. Ìyá ti fọ ara, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ṣùgbọ́n ìborùn èjìká rẹ̀, láti ara ìṣó ògiri yàrá tí wọ́n ti ń dín kúlíkúlí ló ti mú un. Àṣàkẹ́ gbóòórùn ẹ̀pà lára rẹ̀. Ó mọ̀. Ọrùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Màmá."

Ó fa gèlè rẹ̀ bo ọrùn tó ti ń sú, ó sì tún gbé orí lé èjìká náà.