Wáyà Tí Bàbá Mùkáílà Yọ

Ilé tó kángun sí tèmi ní Stone Mountain níbí ni Bàbá Mùkáílà ń gbé, lọ́dọ̀ Abdussalam ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú Raheemat ìyàwó ọmọ náà àti Samirah ọmọ wọn. Télọ̀ ni Bàbá nígbà tó wà ní Ìwó. Agbádá tó rán fún ọkọ mi, ẹni tó bá rí i ló ń béèrè ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n ti aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ti wáyà ni.

Ẹ ṣáà mọ bí iná ìjọba ṣe ń ṣe nílé. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí Bàbá ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́, ó gbàgbé, kò yọ áyọ́ọ̀nù, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ kírun. Kó tó kírun tán, wọ́n ti mú iná dé. Ṣọ́ọ̀bù jó, aṣọ ọdún ará àdúgbò jó mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, Bàbá kì í sùn láìyọ gbogbo ohun tó bá wà lára iná. Ó gbé àṣà náà wọ bàálù wá sí Àmẹ́ríkà. Tẹlifíṣọ̀n ni o, ṣájà fóònù ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń fà yọ, àmọ́ inú ilé nìkan ló mọ sí. Ó ti yọ fírísà rí, ẹja Raheemat yọ́, omi rẹ̀ gba gbogbo kíṣìnì. Samirah ló sọ ọ́ ní "Grandpa NEPA". Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín. Ẹni tí iná ò jó rí ló ń fi iná ṣeré."

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní nílé náà, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó ń lo dísù. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó kó wá láti ìlú olótùútù lókè lọ́hùn-ún ni Abdussalam ti rà á. Wáyà kan yọ síta níwájú rẹ̀ bí ahọ́n ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Èmi rò pé nǹkan ló já lára rẹ̀ ni. Abdussalam ló là mí lóye pé híítà ni, pé wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì láti ọ̀hún. Tí òtútù bá fẹ́ mú gan-an, èèyàn á so wáyà náà mọ́ iná ilé di àárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí òtútù máa ń mú kí ọ́ìlì ki bí ẹ̀kọ. Ní Atlanta níbí, a kì í sábà rí irú òtútù bẹ́ẹ̀.

Òtútù ọ̀hún wá dé ní oṣù kìn-ín-ní yìí. Ó ti rẹ Abdussalam nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní kí Raheemat bá òun so híítà mọ́ iná. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, torí ó ti pẹ́ dé ibi tó ti ń kó ẹrù ní Fairburn rí, ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ fún un. Raheemat so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri ìta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá jáde wá wo ilẹ̀kùn, ó rí wáyà lára iná, ó fà á yọ.

Láàárọ̀, mo ń ha yìnyín lára gíláàsì ọkọ̀ mi nígbà tí mo gbọ́ píkọ́ọ̀pù wọn. Ó ń ṣe "hùn-ún, hùn-ún" bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, kò sì dìde. Mo fa ọkọ̀ tèmi súnmọ́ ọn, a fi bátìrì mi ràn án lọ́wọ́, pàbó. Raheemat sáré lọ wo wáyà híítà nídìí ògiri, Abdussalam tẹ̀lé e. Wáyà wà nílẹ̀.

"Raheemat, kí ni mo ní kí o ṣe lánàá?"

"Mo so ó."

"O so ó, ló bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀?"

"Wọláì, Daddy Samirah, mo so ó. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi so ó."

"Má fi orúkọ Ọlọ́run gbé irọ́ lẹ́sẹ̀ níwájú mi! Tó o bá gbàgbé, sọ pé o gbàgbé!"

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ó la ẹnu. Mo rí i pé ó la ẹnu. Ó tún pa á dé, ó wọlé.

Èmi ni mo gbé tọkọtaya náà lọ síbi iṣẹ́. Raheemat jókòó sẹ́yìn, ó kọjú sí fèrèsé. Mo sọ̀rọ̀ òtútù, mo sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo já Raheemat sílẹ̀ níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, mo wá gbé ọkọ rẹ̀ dé Fairburn. Ọ̀gá ní tó bá tún pẹ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Abdussalam ò ti pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ mọ́. "Òpùrọ́ inú ilé yìí" ló ń pè é. Tí Raheemat bá ní òun ti fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á ní, "Ṣé bó o ṣe so híítà náà lo ṣe fi í?"

Ní Sátidé, mo ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá kan ilẹ̀kùn. Kò tilẹ̀ jókòó dáadáa.

"Ìyá Dàmíláre, èmi ni mo yọ wáyà yẹn."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá? Ẹ sì ń wò ó tí wọ́n ń bú ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo rò pé iná fẹ́ jó ọkọ̀ ni. N ò mọ̀ pé oògùn òtútù rẹ̀ ni."

"Èyí tí ẹ ò mọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Dídákẹ́ ńkọ́?"

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn pé Dàmíláre ló fẹsẹ̀ kọ́ ọ níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Háà! Nínú yìnyín? Bàbá, ẹ̀bi wo ni mo rán yín lọ rà lọ́jà tí ẹ fẹ́ gbé e ru ọmọ mi?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Láàárọ̀ yìí Raheemat gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún mi. Ó ní, 'Daddy, ẹ tètè mu ún, kí òtútù má mú yín.' Mo lọ dà á nù lẹ́yìn ilé bí olè."

"Ẹ lọ sọ ọ́ fúnra yín."

"Kí bàbá ọkọ máa bẹ ìyàwó ilé? Ojú wo ni mo máa fi wò ó?"

"Èyí tí ẹ fi ń wò ó báyìí náà ni."

Ó dìde, kò dágbére.

Nígbà tí mọ́ínmọ́ín jinná, mo bu tiwọn, mo gbé e lọ. Òtútù tún fẹ́ mú. Mo bá Abdussalam tó ń wọ kóòtù rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni mo ń lọ so híítà lónìí o. Mi ò gbé ọkọ̀ mi lé òpùrọ́ lọ́wọ́."

"Abdussalam, jókòó." Bàbá ti ṣí fìlà. "Ìyàwó rẹ ò purọ́. Ó so ó, èmi ni mo yọ ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ bó o ṣe ń bú u, mo sì dákẹ́."

"Grandpa NEPA!" Samirah bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rín in.

Bàbá kọjú sí Raheemat. "Ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Má bínú."

Raheemat kúnlẹ̀. "Mo mọ̀, Daddy."

"O mọ kí ni?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí wáyà náà láàárọ̀ yẹn. Ẹ ti wé e róbótó, ẹ fi ìrépé aṣọ dì í láàárín. Kò sí ẹlòmíì tó ń dì í bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Mo yára tú u kí ọmọ yín tó rí i."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, Daddy. Mo ń retí pé ẹ máa sọ ọ́."

Ó dìde, ó gbé mọ́ínmọ́ín mi wọ kíṣìnì. Abdussalam sáré tẹ̀lé e, mo ń gbọ́ "Jọ̀ọ́, má bínú, jọ̀ọ́". Raheemat ní, "Lọ so híítà rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Bàbá ṣì jókòó síbi tó wà. "Ó ń retí mi," ló ń sọ. "Ìyá Dàmíláre, ó ń retí mi."

Tọkọtaya náà ti parí ìjà wọn, wọ́n tún ti ń ṣàwàdà. Bàbá ni kò tíì bọ́ níbẹ̀. Tí Raheemat bá kúnlẹ̀ gbé oúnjẹ fún un, kíá ni á ti ní, "Dìde, ọmọ mi. Ojú ń tì mí." Kò sì ní gbójú sókè títí Raheemat fi máa jáde.