Zobo Nínú Ìgò Mẹ́ta

Àfáà ni bàbá mi, kéwú wọn ní Ìwó kì í sì í fi ẹnikẹ́ni ṣeré. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi fẹ́ràn ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì tí mo máa ń dúró ṣe nílé ìwé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, torí àsìkò kan náà ni kéwú mi. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó fúnra àwọn. Bí ó bá jẹ́ eré lásán, mo ti ṣe é kẹ́yìn nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà ju ìrẹsì ọdún Iléyá lọ!

Èmi ni tíṣà ní kí n ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà. Màá bu omi zobo sínú ìgò mẹ́ta, màá fún òsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan kó lè túbọ̀ pọ́n, màá da omi ọṣẹ sí èkejì kó lè di àwọ̀ ewé, màá sì fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí àlejò mi, mo fi eérú fọ àwọn ìgò náà bí ìyá mi ti ń fọ ìkòkò, títí wọ́n fi ń dán. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Mo bu zobo sí ìgò kìíní. Kí n tó mú òsàn, ó ti di àwọ̀ ewé. Èkejì àti ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà fẹ́ gbà mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀. Kí ló dé?”

Mo gbé ìgò kan sókè, mo wo ìdí ẹ̀. Eérú ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

“Eérú ni, Bàbá! Eérú ni mo fi fọ̀ ọ́! Iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe lòun náà ń ṣe!”

“Ó dá ẹ lójú?”

Mo fún òsàn kan sí i, kò ṣe nǹkan kan. Mo fún òmíràn tipátipá, ni zobo bá padà di pupa fòò! Mo fò sókè, mo gbàgbé pé wọ́n ń wò mí.

Bàbá mi ò yìn mí. Wọ́n kàn gba òsàn lọ́wọ́ mi, wọ́n fún un sínú ìgò kejì. “Subuhanalláàhi!” Wọ́n sì na ọwọ́ sí ẹ̀kẹta.

Nígbà tí a délé, wọ́n pè mí.

“Kéwú tìẹ ti di ẹ̀yìn ìrun àsùbáà,” ni wọ́n wí. “Má sùn jù o.”

Kí n tó kúnlẹ̀ dúpẹ́, wọ́n tún yíjú padà: “Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ńkọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe?”