Bọ́bìnì Méjìlá Lórí Fèrèsé

Aránṣọ kan wà tó mọ ìrora abẹ́rẹ́ bí ẹní mowó. Bí abẹ́rẹ́ bá gún un níka, á ki ìka bọ ẹnu, á kà dé méje, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ìrora kankan ò kọjá méje rí.

Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó kà dé méje. Ó kà dé àádọ́rin. Ó lo oògùn, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́; ọdún mẹ́ta kọjá, ó ṣì ń retí kó lọ. Ló bá búra: bí oṣù yìí bá parí tí ẹ̀yìn ò san, òun á ta máṣíìnì tí ìyá òun fi sílẹ̀ fún òun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ẹ̀yìn lọ. Ọkọ rẹ̀ sì ti wá ẹni tó máa rà á.

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá jókòó tì í láàárọ̀ ọjọ́ kan. Aránṣọ ti wé òwú sí bọ́bìnì méjìlá láti ìdájí, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan bí ẹyin adìẹ. Bí ọ̀kan bá tán lábẹ́ máṣíìnì, á na ọwọ́ mú òmíràn. Kò dìde títí oòrùn fi kan àtàrí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni méjìlá wà fún?"

"Kí n má baà dìde ni. Ọ̀lẹ ló ń dìde."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn yín náà ti fẹ́ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń dìde."

"Yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà wo ni ìrora yìí yóò lọ?"

"Ti abẹ́rẹ́, ìkìlọ̀ ni. Ẹ mú ọwọ́ kúrò, ó parí. Èyí ti bá yín gbé fọ́dún mẹ́ta, ó mọ ibi tí ẹ ń kó ṣíbí sí. Ó lè má lọ tán. Ẹ kàn má jẹ́ kó di baálé ilé ni."

"Ohun tí wọ́n fi odidi ọdún mẹ́rin kọ́ ẹ nìyẹn?"

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó kó bọ́bìnì méjèèjìlá lọ sórí fèrèsé tó wà lódìkejì yàrá. "Ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa rìn lọ mú un."

Lọ́jọ́ kìíní, aránṣọ ṣépè fún àbúrò rẹ̀ nígbà méjìlá. Lọ́jọ́ kejì, ó mú méjì pọ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀yìn fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rí i pé òun ti ran ẹ̀wù méjì tán láìkà nǹkan kan.

Oṣù parí. Ọkọ mú olùrà wọlé. Wọ́n bá a nídìí fèrèsé.

"Ṣé ẹ̀yìn ti san?" ni ọkọ bi í.

"Kò san."

"O ṣáà búra."

"Mo búra nígbà tí mo rò pé àlejò ni ìrora yìí."

Olùrà na ọwọ́ sí máṣíìnì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Aṣọ oníbàárà wà lórí ẹ̀."

Ó mú bọ́bìnì kan, kò mú méjì, ó sì rìn padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.