Òkú Tó Fọwọ́ Síwèé Òróró Àràbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Àǹtí Adétutù Ògúnsànyà kú. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ó fọwọ́ síwèé pé òróró kóró àràbà dára fún oúnjẹ adìyẹ. Iṣẹ́ ìyanu ńlá! Àwọn ọ̀gá ilé ìwádìí kan ní Olúyọ̀lé ti jí òkú dìde, wọ́n sì fún un ní báírò.

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni obìnrin yìí fi ń fún òróró lára kóró igi, tó ń wo irú ọ̀rá tó wà nínú wọn. Nínú ti àràbà, ó rí ásíìdì kan tó ní òrùka onígun mẹ́ta láàárín, irú èyí tí òróró ẹ̀pà kò ní. Ó bù ú sóúnjẹ àwọn adìyẹ rẹ̀ ní Bódìjà. Mo bá a nílé ní Sátidé kan, ó ń fọ́ ẹyin sínú àwo. Funfun ẹyin ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n fi osùn pò ó.

"Rótìmí, wò ó. Èyí tí adìyẹ sàba lé, kò pa ọmọ rárá."

"Ṣé májèlé ni, mà?"

"Mi ò pè é ní májèlé. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi iná tó tó ba òrùka yẹn jẹ́ ni mo wí. Ṣé ìyẹn le ni?"

Ó le fún ọ̀lẹ. Iléeṣẹ́ kan ti ń dúró de òróró ọ̀hún, ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí sì ti bá wọn ya fọ́tò. Ó ní kí Àǹtí fọwọ́ síwèé ẹ̀rí pé ó dára. Àǹtí ní, "Ẹ má bínú, sà, mi ò lè ṣe é." Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí tí kò ní fèrèsé, sáàárín dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà tó ń rùn bíi bẹntiróòlù. Obìnrin tó ní ikọ́ fée! Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta. Wọ́n ní àwọn ń wò ó. Kí ni wọ́n ń wò? Ìgbà tí yóò ṣubú? Ní oṣù karùn-ún tó ti wà níbẹ̀, èémí gé mọ́ ọn. Kò dé ọsibítù.

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá àgbà pè é ní òpómúléró. Ọláníkẹ́, ọmọ rẹ̀, ló fi ìwé ẹ̀rí náà hàn mí.

"Màmá mi kì í kọ A báyìí," ó ń sunkún. "Wọn ò tiẹ̀ fara balẹ̀ kọ ọ́."

Àní, ẹ̀yin ọ̀gá, ayédèrú gan-an, ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe!

Ẹ gbé ẹ̀dùn ọkàn yín pamọ́. Orúkọ ni mo fẹ́. Ta ló di báírò mú lọ́jọ́ Ẹtì yẹn? Ta ló ní kí wọ́n ti oníkọ́ fée mọ́ àárín kẹ́míkà? Ẹ kó òróró yẹn kúrò lọ́jà, kí ẹ sì gbé ìwádìí Àǹtí jáde fáwọn ọlọ́sìn adìyẹ. Ìwé ẹ̀rí yín ti wà lọ́wọ́ lọ́yà ní Ring Road. Adájọ́ ni kí ẹ wá dá lóhùn.