Páì Àjíǹde Tí Kò Ní Mílíìkì: Ìdágbére fún Bàbá Àgbà

Yéè! Bàbá Àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe lọ? A sùn ní alẹ́ Ọjọ́rú, a ní bàbá. Ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́, a di ẹni tí àwọn aládùúgbò ń wá kí pẹ̀lẹ́. Ó wá di ìgbà tí Olúwa bá pè wá jọ kí n tó tún gbọ́ ohùn yín.

Èmi Ìbùkún, ọmọ ọmọ yín, ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yín. Àwọn àgbà inú ẹbí ti kọ nípa ipò tí ẹ dì mú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ti kọ nípa ilé búrẹ́dì yín. Èmi fẹ́ kọ nípa páì kan. Ẹni tó bá mọ̀ yín yóò ti mọ èyí tí mò ń sọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ yín, kó fara balẹ̀ gbọ́.

Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti bí yín, ọmọ àgbẹ̀ tó mọ iyán ju búrẹ́dì lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó Ítálì wá ń la títì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ gba iṣẹ́ kúùkù ní àgọ́ wọn. Ìyàwó ọ̀gá ibẹ̀, tí gbogbo yín ń pè ní Sìnyọ́rà, ló kọ́ yín ní páì tí àwọn ará ìlú rẹ̀ máa ń jẹ nígbà Àjíǹde. Pasitiẹ́rà lorúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìyẹ̀fun àti bọ́tà ni wọ́n fi ń ṣe èèpo rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àlìkámà tí wọ́n fi mílíìkì sè títí tó fi rọ̀, pẹ̀lú wàrà, ẹyin, ṣúgà àti èèpo ọsàn tí wọ́n rin. Nígbà tí Sìnyọ́rà kò rí irú wàrà ìlú rẹ̀ rà, ẹ̀yin lẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin Fúlàní. Ó tọ́ tiwọn wò, ó ní, "Èyí á ṣe é." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn títí ẹ fi darúgbó, bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ bí màlúù náà.

Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó lọ, ẹ wá sí Òṣogbo, ẹ dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀. Búrẹ́dì lẹ ń tà; ẹ kò ta páì yẹn rí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní Àjíǹde, lẹ máa ń yan án fún ọmọ àti ọmọ ọmọ, ọwọ́ ara yín lẹ sì fi ń bu ti oníkálukú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bínú níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun, ẹ ó ní kó bọ́ síta: "Ìyẹ̀fun máa ń gbọ́ ohùn ẹni. Lọ jà tán ná, kí o tó padà wá."

Bàbá, n kò ní fi ibi tó dùn yín jù lọ pamọ́, nítorí ẹ̀yin fúnra yín kò fi pamọ́ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà. Ìyá mi ti ṣàkíyèsí pé bí mo bá mu ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, ara mi máa ń lé. Lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn, ó sọ fún yín pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mílíìkì kì í bá ọmọ yìí lára mu o." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ní, "Mílíìkì tí a ti sè, tí a tún yan? Iná ti pa agbára rẹ̀, ìyàwó mi. Jẹ́ kí ọmọ jẹun." Ẹ bu páì fún mi, mo sì jẹ ẹ́ tán.

N kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn dáadáa. Wọ́n ní ètè mi wú, ojú mi dí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Bàbá mi gbé mi sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú ìyá mi, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ń pe orúkọ mi títí a fi dé ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi níbẹ̀ ló dá èémí mi padà. Dókítà sọ pé ara mi kò gba mílíìkì màlúù rárá, ì báà jẹ́ tútù, ì báà jẹ́ sísè, ì báà jẹ́ wàrà tàbí bọ́tà. Ó ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀pa má bóró mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ wá sí ilé wa ní Iléṣà. Ìyá mi ló sọ èyí fún mi nígbà tí mo dàgbà. Ẹ kọ omi tí wọ́n gbé fún yín. Ẹ ṣí fìlà, ẹ gbé e lé orókún, ẹ ní, "Ìyàwó mi, o kìlọ̀ fún mi, mo fi àgbà rẹ́ ọ jẹ. Mo jẹ̀bi." Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bẹ̀ mí mọ́, n kò bá yín jà. Àmọ́ ẹ dákun, ọmọ yìí kò ní jẹun nílé yín mọ́." Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ìbá sọ ọ̀rọ̀ yẹn di ìjà ẹbí. Ohun tí ẹ̀yin fi dá a lóhùn ni pé, "O tọ̀nà." Ẹ dé fìlà yín, ẹ sì lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ọmọ oníkúlà. Bí a bá ń lọ sí Òṣogbo, ìyá mi á di ìrẹsì mi sínú kúlà kékeré kan. Màá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá máa jẹ ẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi bá tò síwájú yín kí ẹ bu páì fún wọn. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́fà, mo dìde nídìí kúlà mi, mo wá bá yín, mo ní, "Bàbá Àgbà, kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ kì í bu tèmi?" Màmá Àgbà sọ pé ẹ kò fi ẹnu kan páì ọdún yẹn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá dókítà. Àgbọn ńkọ́? Sóyà ńkọ́? Ẹyin ńkọ́? Àlìkámà ńkọ́? Ó ní mo ti ń jẹ gbogbo wọn nílé, wọn kò sì ṣe mí ní nǹkan. Ẹ ra abọ́, ṣíbí, asẹ́ àti páànù tuntun tí mílíìkì kò kàn rí, ẹ kó wọn sínú àpótí aṣọ yín, ẹ fi àgádágodo tì í. Ẹ ní kí wẹ́dà kan fi ìlàjì dírọ́ọ̀mù ṣe ààrò kékeré fún yín lẹ́yìnkùlé, kí ohunkóhun láti ilé búrẹ́dì má baà kàn án.

Èèpo páì ló kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu. Bọ́tà inú ike tí gbogbo wa ń rà, ẹ wọ awò ojú yín, ẹ ka ara ike náà, ẹ rí i pé mílíìkì wà nínú rẹ̀. Ẹ dán òróró ẹ̀pà wò. Èèpo náà rọ̀ jọwọlọ, kò ṣeé gbé. Ẹ wá dán òróró àgbọn wò. Ẹ gbé e sínú fìríìjì títí tó fi dì, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sínú ìyẹ̀fun, ẹ sì yára pò ó kó tó yọ́. Bí kò bá sí iná, ẹ ó ra yìnyín. Èèpo yẹn jáde bó ṣe yẹ, ó le díẹ̀ lóde, ó sì ń yọ́ lẹ́nu.

Inú rẹ̀ ló wá le jù. Ti àlìkámà kò ní wàhálà: ẹ rin àgbọn, ẹ fún omi funfun inú rẹ̀, ẹ sì fi sè é. Ṣùgbọ́n kí ni yóò dúró fún wàrà Fúlàní? Ní Ọjà Ọba lẹ ti rí Alhaja kan tó ń ta wàrà sóyà dídín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Alhaja yanu. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ bá mi dupò lọ́jà ni?" Ẹ ní rárá o, ẹ ní ọmọ ọmọ yín kan wà tó ń dá jẹun. Nígbà tó gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, "Ẹ wá lọ́la ní kùtù. Ọlọ́hun á ṣe é, ọmọ yẹn á jẹ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin, ọ̀gá ilé búrẹ́dì, ṣe jókòó sórí àpótí nídìí ìkòkò Alhaja bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rẹ sóyà, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n á sì sè é pẹ́ kí òórùn ẹ̀wà tútù lè kúrò, kí wọ́n tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè dì. Àmọ́ wàrà tí Alhaja ń ṣe gbọ́dọ̀ le kó tó ṣeé dín. Ti páì gbọ́dọ̀ rọ̀. Páì àkọ́kọ́ tí ẹ yan le bíi fóòmù. Ìkejì ń rùn bí ẹ̀wà. Ìkẹta ṣomi, ìdí rẹ̀ sì já. Màmá Àgbà ní àwọn adìyẹ àdúgbò nìkan ló mọ iye tí ẹ yan lọ́dún yẹn. Ó lé lọ́dún kan kí ẹ tó rí ojútùú rẹ̀: ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé òkúta lé wàrà náà bí Alhaja ṣe ń gbé e lé tirẹ̀ kó lè le. Ẹ wá ń so ó kọ́ nínú aṣọ funfun, kí omi rẹ̀ máa kán fúnra rẹ̀, ẹ ó sì wá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rá àgbọn tó ki, pẹ̀lú èèpo ọsàn rínrin.

Nígbà tó dára tán lójú yín, ẹ kò gbé e wá fún mi. Ìyá mi lẹ pè. Ẹ ní, "Ìyàwó mi, wá wo bí mo ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí o bá ní rárá, rárá náà ni." Ìyá mi wá láti Iléṣà, ó dúró tì yín láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó ń ka ara gbogbo ike àti ọ̀rá. Nígbà tí ẹ ṣí àpótí, tó rí abọ́ àti ṣíbí níbi tó yẹ kí agbádá yín wà, ó ní, "Bàbá, níbo wá ni aṣọ yín wà?" Ẹ nawọ́ sí ìṣó lára ògiri.

Ìyá mi ní, "Bàbá, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí."

Ẹ ní, "Ó ń ba èmi náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní jẹ ẹ́ nílé. Iwájú dókítà ló ti máa jẹ ẹ́."

Èyí ni mo rántí dáadáa, nítorí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn, èmi láàárín, ìyá mi lápá kan, ẹ̀yin lápá kejì, tí ẹ gbé páì lé ẹsẹ̀ nínú aṣọ funfun. Dókítà ti pèsè abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó gé díẹ̀ bíi hóró àgbàdo, ó fi sí mi lẹ́nu. A dúró. Mo rí i tí ẹnu yín ń mì, mo rò pé ẹ ń jẹ nǹkan ni. Àdúrà lẹ ń gbà. Dókítà tún gé òmíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tún dúró. Ara mi kò lé, ètè mi kò wú. Nígbà tó pẹ́ dáadáa, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu tèmi fún mi.

Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ sì nà án sí ìyá mi pé kó gé e. Ìyá mi gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tiyín, ẹ̀yin méjèèjì sì jọ gé páì náà. Mo jẹ ẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé ó ṣì kù?" Ẹ bú sẹ́kún níbẹ̀, níwájú nọ́ọ̀sì àti àwọn aláìsàn, ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí omijé yín rí.

Láti Àjíǹde ọdún yẹn, irú páì kan ṣoṣo ló wà nílé wa. Àwọn kan bẹ̀ yín pé kí ẹ máa yan ti àtijọ́ lọ́tọ̀ fún àwọn. Ẹ kọ̀. Bí wọ́n bá bi yín bóyá ó dùn tó ti Sìnyọ́rà, ẹ kì í parọ́: "Rárá o, kò rí bákan náà. Ti Sìnyọ́rà kún lẹ́nu jù ú lọ. Ṣùgbọ́n èyí, gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́." Ẹ gbé odidi kan lọ fún Alhaja, ó sì pín in fún àwọn tí wọ́n jọ pàtẹ. Nígbà tí mo wọ yunifásítì ní Ìkejì-Arákejì, ẹ wọ ọkọ̀ wá kí mi pẹ̀lú páì. Ọ̀rẹ́ mi kan tí inú máa ń run bó bá mu mílíìkì jẹ nínú rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn, ó ní kí ẹ kọ́ òun. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìyọ ẹyọ kan kúrò.

Ìwà yín tí mo fẹ́ràn jù nìyí: kò sí àlejò tó wọlé yín, ì báà ṣe pásítọ̀, ì báà ṣe ẹni tó wá gbé ìyẹ̀fun wá, tí ẹ kò ní bi í kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún un pé, "Kí ni ara yín kì í gbà?" Àwọn mìíràn máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ ó dúró gbọ́ ìdáhùn.

Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mo wá sọ fún yín pé mo ti lóyún. Ẹ kò béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Mo ní ẹ̀rù ń bà mí pé kí ọmọ náà má lọ jogún ara mi. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ní, "Má bẹ̀rù. Ohun tí ara rẹ̀ bá gbà la ó sè."

Bàbá, ẹ kò dúró rí i. Oṣù mẹ́ta ló kù. Ara rẹ̀ lè gba mílíìkì, ó sì lè kọ̀ ọ́. N kò tíì mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú ilé tí wọ́n ti ń béèrè kí wọ́n tó bu oúnjẹ ni a ó bí i sí, ẹ̀yin lẹ sì sọ ilé náà dà bẹ́ẹ̀.

Oorun ire ni kí ẹ sùn o, Bàbá Àgbà, ọmọ Obòkun. Ẹ sùn re. Ọkàn wa balẹ̀.

Ìbùkún, ọmọ ọmọ yín